Ta ló ń bá yín tọ́jú àwòrán NFT yín? Àwọn ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo ti ń ra NFT, ìyẹn tókìnì orí ayélujára tó ń fi hàn pé èèyàn ló ni nǹkan kan, bí àwòrán, tí mo sì ń bá àwọn èèyàn gbé tiwọn jáde, ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí ò sì ju bíi mẹ́rìnlá lọ, wọ́n kàn máa ń gba ọ̀nà míì wọlé ni. Mo wá kó wọn jọ síbí. Mi ò tò wọ́n bí ìwé iléèwé o, ẹ wá èyí tó kàn yín kẹ́ ẹ fo ìyókù, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nípa pin, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Àwòrán NFT mi, ṣé kì í ṣe orí blockchain ló wà ni?

Rárá o. Blockchain ni ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú, Ethereum sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwòrán lè wà níbẹ̀, àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n. Ohun tó wà lórí blockchain ni nọ́ńbà tókìnì yín, àdírẹ́sì wọ́lẹ́ẹ̀tì (àpò orí ayélujára) tó ni ín, àti línkì kan. Lórí Ethereum, ìlànà ERC-721 tí wọ́n kọ ní 2018 ní nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní tokenURI, ẹ fún un ní nọ́ńbà tókìnì, òun náà á fún yín ní línkì. Línkì yẹn á gbé yín dé ọ̀dọ̀ fáìlì kékeré kan tó ń jẹ́ metadata, ọ̀rọ̀ lásán ló wà nínú ẹ̀, orúkọ nǹkan náà, àlàyé díẹ̀, àwọn àmì tó ní, bóyá fìlà pupa ló dé àbí ojú ẹ̀ ló jẹ́ àwọ̀ ewé, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ló wá ní línkì kejì tó ń lọ síbi àwòrán fúnra ẹ̀. Ẹ ò rí i pé línkì méjì ló wà láàárín ohun tẹ́ ẹ rà àti ohun tẹ́ ẹ̀ ń fi ojú rí? Tí ọ̀kan nínú méjèèjì bá já, àwòrán ò ní yọ mọ́. Tókìnì ṣì máa wà nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì yín digbí, kò sẹ́ni tó jí i, àmọ́ bí ìgbà téèyàn mú ìwé ilẹ̀ dání tí àgbàrá sì ti gbé ilẹ̀ lọ ni.

Kí ló dé tí wọn ò kúkú gbé àwòrán sórí blockchain ká sinmi?

Owó ni. Lórí Ethereum, kẹ́ ẹ tó kọ byte 32 tuntun síbẹ̀, ó kéré tán 20,000 gas ló máa gbà. Gas ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ tẹ́ ẹ máa sanwó fún. Kilobyte kan ṣoṣo, ìlọ́po 32 nìyẹn, 640,000 gas, bẹ́ẹ̀ ẹ fi ETH, owó Ethereum, ránṣẹ́ sí ẹnì kan lásán, 21,000 gas ni. Ìyẹn ni pé kilobyte kan ti tó ọgbọ̀n ìgbà tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́. Iṣẹ́ ayàwòrán Beeple tí ilé gbàǹjo Christie's tà ní $69.3 mílíọ̀nù ní March 2021, àwòrán tó fẹ̀ tó píksẹ́ẹ̀lì 21,069 ní ìbú àti òró, fáìlì ẹ̀ ju 300 megabyte lọ, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn sórí Ethereum? IPFS ni wọ́n gbé e sí.

Àwọn tó wà lórí chain gan-an, wọ́n kéré ni. CryptoPunks, 10,000 àwòrán tó jáde ní June 2017, píksẹ́ẹ̀lì 24 sí 24 péré lọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ hash (àmì tí wọ́n ṣírò látinú fáìlì, bí ìtẹ̀ka ẹ̀) àwòrán ńlá tó kó gbogbo wọn pọ̀ nìkan ló kọ́kọ́ wà lórí chain. August 2021 ni wọ́n tó wá gbé àwọn àwòrán fúnra wọn síbẹ̀. Nǹkan tó kéré tó yẹn ló gba ọdún mẹ́rin!

Kí wá ni IPFS yìí, ṣé Google Drive míì ni?

Kì í ṣe Drive rárá. Juan Benet ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ilé iṣẹ́ ẹ̀ Protocol Labs ló gbé e jáde ní 2015. Línkì tá a mọ̀ látilẹ̀, ibi tí nǹkan wà ló ń sọ: lọ sí sáfà báyìí (kọ̀ǹpútà tó ń gbé nǹkan fún àwọn míì lórí ayélujára), ṣí fóldà báyìí, mú fáìlì tó ń jẹ́ báyìí. Tí ẹni tó ni sáfà bá fi nǹkan míì sínú fóldà yẹn, línkì ò mọ̀, nǹkan míì yẹn ló máa gbé wá fún yín tayọ̀tayọ̀. IPFS ò bìkítà ibi tí nǹkan wà. Ó máa ń ka fáìlì látòkèdélẹ̀, á ṣírò hash ẹ̀, á sì fi ìyẹn ṣe orúkọ fún un, orúkọ yẹn ni wọ́n ń pè ní CID. Èyí àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Qm, lẹ́tà àti nọ́ńbà 46 ni gbogbo ẹ̀, èyí tuntun sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú bafy tàbí bafk.

Ẹ dán an wò fúnra yín. Mo mú àwòrán kan nígbà kan, mo ṣí i nínú ápù tí mo fi ń kun nǹkan, mo tọ́ àmì kékeré kan sí igun ìsàlẹ̀, ojú ò lè rí i àyàfi tẹ́ ẹ bá fẹ̀ ẹ́ gidi, mo tún gbé e sórí IPFS, CID tó jáde ò jọ ti àkọ́kọ́ rárá, àfi bí ẹni tí kò mọ ara wọn rí. Ìyẹn ló dáa nínú ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè yọ àwòrán yín kó fi òmíì síbẹ̀ lábẹ́ CID kan náà. Sáfà ẹnikẹ́ni lẹ ti lè gbà á, tó bá ti bá CID mu, òun náà ni.

Tó bá ti wà lórí IPFS, ó ti wà títí láé nìyẹn, àbí?

Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Rárá.

CID ń sọ ohun tí nǹkan jẹ́ fún yín, kò sọ ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀. Ẹ lè mọ orúkọ èèyàn, kẹ́ ẹ mọ ojú ẹ̀, kẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn, kó má sí ẹnì kankan nílé. IPFS kì í ṣe ilé ìkópamọ́ kan tó wà níbì kan, àwọn kọ̀ǹpútà tó gbà láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni, kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń pè ní node. Nǹkan tẹ́ ẹ gbé síbẹ̀, node tẹ́ ẹ gbé e sí ló ní in. Àwọn míì lè mú ẹ̀dà ẹ̀ nígbà tí wọ́n wò ó, àmọ́ tí àyè ẹ̀ bá kún, node lè gbálẹ̀ ara ẹ̀, gbogbo ohun tí wọn ò sọ fún un pé kó má fọwọ́ kàn lè bá ìdọ̀tí lọ.

Pé kẹ́ ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kàn án yẹn ni wọ́n ń pè ní pin. Kì í ṣe "pín" bí ìgbà tá a pín nǹkan o, kì í sì í ṣe "ó pin", bó tilẹ̀ jẹ́ pé tí ẹnikẹ́ni ò bá pin nǹkan yín, ó pin lóòótọ́. Ẹ rò ó bíi píìnì tẹ́ ẹ fi kan bébà mọ́ ògiri kí atẹ́gùn má gbé e.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo ra àwòrán kan ní 2021 lọ́wọ́ àwọn ọmọ kékeré mẹ́ta kan tó ń ṣe nǹkan tó wù mí gan-an, gbogbo ẹ̀ wà lórí IPFS, wọ́n tiẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà pé ó wà "títí láé". Ọjà wá dákẹ́, owó tán lọ́wọ́ wọn, wọn ò san owó ẹni tó ń bá wọn pin nǹkan mọ́, wọn ò sì sọ fẹ́nì kankan. Lọ́jọ́ kan mo ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, àpótí eérú lásán ni mo rí níbi tí àwòrán wà. Mo gbé CID sínú gateway kan, ìyẹn ìkànnì tó ń bá èèyàn gbé nǹkan orí IPFS wá, ó yí yí yí, ó ní àkókò ti kọjá. Gateway míì, bákan náà. Ọkàn mi kọ́kọ́ balẹ̀ pé mo ti tọ́jú àwòrán sínú fóònù, mo gbé ìyẹn sórí IPFS, CID míì pátápátá ló fún mi, torí ìkànnì ọjà tí mo ti gbà á ti dín in kù kó lè tètè ṣí.

Ẹni tó gbà wá sílẹ̀ ni bọ̀dá kan nínú gúrúùpù wa tó ti pin odindi fóldà náà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, sórí láàpùtọ́ọ̀pù kan tó ti ń gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó tan án, ó ṣí IPFS, kò ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwòrán gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níkọ̀ọ̀kan. Láàpùtọ́ọ̀pù kan ṣoṣo o! Wọ́n ní decentralized, pé kò sí lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo.

Ṣé èyí tó wà lórí sáfà ilé iṣẹ́ ńlá ò wá dáa ju ìyẹn lọ ni?

FTX, tí wọ́n ti ń ra owó crypto tí wọ́n sì ti ń tà á, náà ṣe ilé iṣẹ́ ńlá. Ní November 2022 wọ́n wọ gbèsè wọ ilé ẹjọ́, àwọn NFT tí wọ́n ti gbé jáde lórí ìtàkùn wọn sì wà, tó jẹ́ pé sáfà FTX ni línkì metadata wọn ń lọ. Tókìnì ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ra á, àmọ́ àwòrán dàwátì, línkì wá ń gbé èèyàn lọ síbi ìkéde ọ̀rọ̀ gbèsè. Ti IPFS sàn ju ìyẹn lọ ní ọ̀nà kan pàtàkì: tí sáfà FTX bá kú, kódà tẹ́ ẹ bá ní fáìlì gidi lọ́wọ́, ẹ ò lè fi í sí orí àdírẹ́sì wọn. Lórí IPFS, ẹnikẹ́ni tó bá ṣì ní in lè jí i dìde, bíi bọ̀dá yẹn.

Ta ló lè bá mi pin nǹkan?

Ẹ lè san owó fún àwọn tó ń ṣe é bí iṣẹ́, bíi Pinata tàbí Filebase. Ẹ lè fi IPFS Desktop sórí kọ̀ǹpútà yín kẹ́ ẹ pin in fúnra yín, ọ̀fẹ́ nìyẹn, ohun tó gbà ni pé kí kọ̀ǹpútà wà ní títàn kí àwọn míì tó lè rí i. Èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíì, ẹ lò ó, àmọ́ ẹ má fi ṣe ọ̀kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ní. NFT.Storage bẹ̀rẹ̀ ní 2021, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló kó gbogbo ẹrù wọn síbẹ̀, nígbà tó fi máa di ìparí June 2024 wọn ò gba fáìlì tuntun mọ́ sórí èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Mi ò bá wọn jà o, ọ̀fẹ́ ò ní kó má lópin.

Filecoin àti Arweave ń kọ́? Wọ́n ní àwọn yẹn ló dájú.

Wọ́n dájú ju ìlérí ẹnu lọ, torí owó wà nínú ẹ̀, àmọ́ ọ̀nà tí kálukú ń gbà yàtọ̀.

Filecoin, àwọn Protocol Labs yẹn náà ló ṣe é, October 2020 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gan-an. Àdéhùn lẹ máa bá ẹni tó ní àyè ṣe, pé kó tọ́jú nǹkan yín fún iye ọjọ́ kan. Òun á fi owó ara ẹ̀ dúró, á sì máa fi ẹ̀rí hàn lórí chain lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ pé nǹkan yín ṣì wà lọ́wọ́ òun, tí kò bá rí ẹ̀rí mú wá, wọ́n á gé nínú owó tó fi dúró. Ohun tí èyí fi dáa ni pé kò sí "mo gbàgbé". Ibi tó ti máa ń ká àwọn èèyàn mọ́ ni pé àdéhùn ní ọjọ́ ìparí, tọ́jọ́ bá pé tẹ́nì kan ò tún un ṣe, ó parí nìyẹn. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ yá láti gbé nǹkan jáde níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń lò ó bí ẹ̀dà tó wà lẹ́yìn, tí wọ́n á fi pin IPFS sí iwájú.

Arweave bẹ̀rẹ̀ ní June 2018. Ẹ san owó lẹ́ẹ̀kan, ó tán. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó yẹn máa lọ sínú àpò kan tó ń san owó díẹ̀díẹ̀ fún àwọn tó ń tọ́jú nǹkan bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ìṣirò tí wọ́n fi gbé e kalẹ̀ ni pé ó máa tó ọdún 200 ó kéré tán, torí iye tí wọ́n fi ń tọ́jú dátà máa ń já wálẹ̀ lọ́dọọdún. Èrò tèmi? Ìṣirò yẹn mọ́gbọ́n dání, àmọ́ ìṣirò ni, ẹnì kankan ò tíì lo ọdún 200 níbẹ̀. Fún àwòrán kan téèyàn fẹ́ràn gidi, tí kò tóbi, èmi máa ń san án. Fún fídíò ńlá, mo máa ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí tèmi wà?

Kò le. Ẹ lọ sórí Etherscan, ìkànnì téèyàn ti ń wo ohun tó wà lórí Ethereum, ẹ wá àdírẹ́sì contract NFT yín (ètò orí blockchain tó ń darí ẹ̀), ẹ tẹ Contract, ẹ tẹ Read Contract, ẹ wá tokenURI, ẹ fi nọ́ńbà tókìnì yín síbẹ̀. Ohun tó bá jáde ló máa sọ fún yín. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ipfs://, ó dáa. Tó bá jẹ́ ar://, Arweave nìyẹn. Tó bá jẹ́ data:application/json tí lẹ́tà rẹpẹtẹ wá tẹ̀ lé e, metadata yín wà lórí chain gangan, ẹ kú oríire. Tó bá jẹ́ https:// pẹ̀lú orúkọ ilé iṣẹ́ kan lásán, ọwọ́ ilé iṣẹ́ yẹn lẹ wà. Èyí tó jẹ́ https:// àmọ́ tí /ipfs/ àti CID wà nínú ẹ̀ wà láàárín méjèèjì, tí gateway yẹn bá kú, ẹ yọ CID jáde kẹ́ ẹ gbé e lọ sí òmíì.

Ẹ má dúró síbẹ̀ o! Ẹ ṣí metadata fúnra ẹ̀ kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n kọ image sí. Mo ti rí èyí tí metadata ẹ̀ wà lórí IPFS dáadáa, tí línkì àwòrán inú ẹ̀ wá ń lọ sí sáfà lásán. Wọ́n ti ilẹ̀kùn iwájú pa, wọ́n ṣí tẹ̀yìn sílẹ̀ gbayawu.

Ó wà lórí IPFS. Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú ẹ̀dà tèmi?

Tó bá jẹ́ IPFS Desktop lẹ ní, ẹ fi CID wá a, ẹ pin in. Tẹ́ ẹ bá ń lo èyí tí wọ́n ń tẹ àṣẹ sí:

ipfs pin add CID

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e jáde sí fáìlì kan tẹ́ ẹ lè gbé sórí hádì dísìkì:

ipfs dag export CID > temi.car

Fáìlì CAR yìí ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lójú lọ. Tẹ́ ẹ bá kàn dáwúnlóòdù àwòrán, kódà tí byte ẹ̀ pé pérépéré, IPFS máa ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́ kó tó ṣírò CID, tó bá jẹ́ pé ẹni tó kọ́kọ́ gbé e sókè gé e sí 256 kilobyte tí tiyín wá gé e sí òmíì, CID yàtọ̀ nìyẹn. CAR ti kó àwọn wẹ́wẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe wà gan-an, tẹ́ ẹ bá tún gbé e padà pẹ̀lú ipfs dag import, CID kan náà ló máa jáde.

Nǹkan míì tí wọn kì í sọ: tí línkì yín bá rí bíi CID/4521, CID yẹn ti fóldà ni, kì í ṣe ti àwòrán yín. Tẹ́ ẹ bá tọ́jú àwòrán yín nìkan tí fóldà sì sọnù, línkì tókìnì ò ní mọ̀nà débẹ̀ mọ́. Fóldà metadata kì í tóbi, ẹ pin gbogbo ẹ̀. Fóldà àwòrán ló lè tó ọ̀pọ̀ gigabyte, ibẹ̀ ni kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ra nǹkan náà ti bá ara yín sọ̀rọ̀, kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin gbé e.

Ṣé àwọn èèyàn ò ní rí nǹkan mi níbẹ̀?

Wọ́n á rí i. Ẹnikẹ́ni tó bá ní CID lè ṣí i, ẹ ò sì lè pa á rẹ́ tí ẹlòmíì bá ti pin in. Arweave tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bá jẹ́ àṣírí, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í kẹ́ ẹ tó gbé e sókè, ẹ má gbé e sókè tán kẹ́ ẹ tó máa ronú.

Ẹni tó ṣe NFT, ṣé ó ṣì lè yí àwòrán padà lẹ́yìn tí mo ti ra á?

Lábẹ́ CID kan náà, rárá. Àmọ́ ó lè yí línkì fúnra ẹ̀ padà tí contract bá gbà á láyè, ọ̀pọ̀ contract ló sì gbà á, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́kọ́ fi àpótí hàn yín kí wọ́n tó ṣí àwòrán gidi. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti tì í pa. Tó bá sì jẹ́ sáfà lásán, kò tiẹ̀ nílò contract. Ní January 2022, Moxie Marlinspike, ọ̀kan nínú àwọn tó dá ápù ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ Signal sílẹ̀, kọ̀wé nípa NFT kan tó ṣe, tí àwòrán ẹ̀ ń yí padà bí ẹni tó ń wò ó bá ṣe yàtọ̀, OpenSea rí òmíì, Rarible rí òmíì, ọjà NFT làwọn méjèèjì, ẹni tó ra á wá ń rí ìgbẹ́ nínú wọ́lẹ́ẹ̀tì ẹ̀. Ẹ̀rín pa mí, àmọ́ òótọ́ ló sọ.

Wọ́n jí ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́n fi ń ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì mi, ṣé IPFS lè bá mi gbà á padà?

Ẹ pẹ̀lẹ́. Rárá, ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwòrán lè wà láìfarapa kí olè sì ti gbé tókìnì lọ.

Èmi ni mo fẹ́ gbé tèmi jáde. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Àwòrán ló ń kọ́kọ́ lọ sókè, kẹ́ ẹ tó ní CID tẹ́ ẹ máa kọ sínú metadata, metadata wá tẹ̀ lé e, CID tiẹ̀ ló ń wọ contract. Ẹ kọ ipfs:// síbẹ̀, ẹ má kọ àdírẹ́sì gateway ẹnikẹ́ni. Ẹ pin in sọ́dọ̀ ẹni méjì tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan náà, ẹ sì ní ẹ̀dà CAR lọ́wọ́ ara yín. Kẹ́ ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ lo fóònù ẹlòmíì, dátà ẹlòmíì, gateway tẹ́ ẹ ò lò rí, kẹ́ ẹ fi ṣí tókìnì mélòó kan wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ CID àti ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ pin in sí síbi tí àwọn tó rà lọ́wọ́ yín ti máa rí i, kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ tówó bá tán. Ká ní àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn kọ ọ́ ni, a ò bá ti gbé e kó tó dákẹ́.

Ẹ̀yin náà ń kọ́, ibo lẹ kó tiyín sí?

CAR gbogbo ẹ̀ wà lórí hádì dísìkì méjì, ọ̀kan ò sí nínú ilé tí mò ń gbé. Mò ń san owó pin ní ibì kan. Mẹ́ta tí mo fẹ́ràn jù wà lórí Arweave. Bọ̀dá yẹn sì ti yọ láàpùtọ́ọ̀pù ẹ̀ kúrò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí tábìlì báyìí, ó ń tàn tọ̀sán tòru, àwa mẹ́fà la jọ ń dáwó iná ẹ̀.